Bí a ṣe ń mú ẹnu àjà tóbi sí i nínú ilé tí trọ́ọ̀sì gbé òrùlé rẹ̀

Ẹnu àjà, ìyẹn ihò ojú sílíìnì tí a ń gbà gòkè sábẹ́ òrùlé, èyí tí àwọn akọ́lé máa ń ṣe sínú ilé ní Ìlú Ọba kì í sábà ju 562 mm ní ìbú àti 726 mm ní òòró lọ. Àpótí ńlá tí a fi ń lọ sílé lọ́dún Kérésì, àfi kí a dá a dúró kó tó lè wọlé. Ọ̀pọ̀ àkàsọ̀ onígi tó ń ká ara rẹ̀ ni kò tilẹ̀ lè gba ibẹ̀. Ohun tó yẹ kí onílé kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìbú àti òòró kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà níbí. Ẹ lè fa ẹnu àjà náà gùn ní ọjọ́ Sátidé kan, pẹ̀lú pákó díẹ̀ àti síkúrúù. Bí ẹ bá ní kó fẹ̀ sí i, igi tó di ilé mú lẹ fẹ́ gé yẹn, iṣẹ́ ẹnjiníà sì ni.

Ẹ wo òrùlé yín ná

Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì gòkè. Bí ẹ bá rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí àwọn igi àárín wọn ya bíi lẹ́tà W, tí irin pẹlẹbẹ eléyín sì so wọ́n pọ̀ ní gbogbo oríkèé, trọ́ọ̀sì nìyẹn. Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń lò ó ní Ìlú Ọba, òun ló sì wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ilé àtijọ́, irú èyí tó pọ̀ ní Peckham àti Camberwell ní London, igi nínípọn tí káfíńtà gé tó sì kàn lórí ilé níbẹ̀ ló ní. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe tiwọn yàtọ̀, ìtọ́sọ́nà yìí kò kàn wọ́n.

Igi trọ́ọ̀sì inú ilé gbígbé kì í sábà nípọn ju 35 mm lọ. Gíga rẹ̀ máa ń jẹ́ 72 mm, 97 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì jẹ́ 600 mm. Ẹ yọ 35 kúrò nínú 600, 565 ló kù. Àyè tó wà láàárín igi méjì nìyẹn, ibẹ̀ sì ni 562 ti wá. Akọ́lé kò fi ẹ̀hónú kankan ṣe ẹnu àjà yín tóóró. Àyè tí igi fún un náà ló lò.

Igi ìsàlẹ̀ tí sílíìnì kàn mọ́, igi ìdè la ó máa pè é. Púpọ̀ ènìyàn rò pé torí sílíìnì nìkan ló ṣe wà níbẹ̀. Ẹ rántí àkàsọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí okùn wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn bá gùn ún, ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́ ya, okùn náà ni kò jẹ́ kí wọ́n ya. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òrùlé ṣe ń fẹ́ ya ẹsẹ̀ lójoojúmọ́ lábẹ́ ẹrù táìlì, igi ìdè ló ń fà á padà. Nínú ilé tí ògiri méjì rẹ̀ jìnnà síra ní mítà 7.5, tí òrùlé rẹ̀ dà ní dígírì 35, tí táìlì kọnkéré sì wà lórí rẹ̀, ìṣirò fi hàn pé ohun tí igi ìdè kan ń fà mọ́ra tó ìwọ̀n 300 kg ní àárín ilé nígbà tí yìnyín bá bò ó, ó sì lè tó 500 kg nítòsí ògiri. Igi kan ṣoṣo tí kò nípọn ju ìka méjì lọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnì kan bá gé e, òrùlé kì í wó lọ́jọ́ náà, ìyẹn gan-an ló sì ń tan ènìyàn jẹ. Àwọn trọ́ọ̀sì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ bá a gbé ẹrù náà. Bó bá yá, sílíìnì á là nítòsí ògiri, òkè ògiri á máa tì síta, téńté òrùlé á sì rọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ta ilé, surveyor, ìyẹn ẹni tó ń yẹ ilé wò fún ẹni tó fẹ́ rà á, á gòkè, á rí i, owó ilé á wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà lè kọ̀ láti sanwó bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí àwọn trọ́ọ̀sì dojú kọ, nítorí ọ̀nà yẹn náà ni àkàsọ̀ á máa gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wọn àyè tó wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo ìwé àkàsọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, nítorí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń kọ òòró àti ìbú ihò tó fẹ́, àti àyè tí àkàsọ̀ á fi yí. Ìwé yẹn ni kó sọ iye tí ẹ máa gé. Bó bá jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn gan-an ni àkàsọ̀ á balẹ̀ sí, ẹ wá ibòmíràn ṣe ẹnu àjà tuntun, kí ẹ dí ti àtijọ́ pa.

Lẹ́yìn náà ẹ wo pákó ìdábùú, ìyẹn àwọn pákó pẹlẹbẹ tó nípọn bíi 22 mm, tó sì fẹ̀ bíi 97 mm, tí wọ́n kàn kọjá lórí àwọn igi ìdè, nítòsí oríkèé wọn. Àwọn ni kì í jẹ́ kí trọ́ọ̀sì wó lu ara wọn bí ọmọ ayò. A kì í gé wọn. Nínú trọ́ọ̀sì onílẹ́tà W, oríkèé ìsàlẹ̀ méjèèjì pín igi ìdè sí nǹkan bí ọ̀nà mẹ́ta. Nítorí náà, nínú ilé onímítà 7.5 tí a sọ, ẹ máa rí bíi mítà 2.5 tí pákó ìdábùú kankan kò sí. Inú àyè yẹn ni ẹ ti máa fa ẹnu àjà gùn. Bí pákó kan bá sún mọ́ etí ihò àtijọ́, ẹ fà á gùn sí apá kejì.

Ẹ tún wo wáyà, páìpù, àti ibi tí táńkì omi jókòó sí. Bí ẹ bá rí àdán tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró kí ẹ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó ẹranko igbó, nítorí òfin Wildlife and Countryside Act ti 1981 dáàbò bo ibi tí wọ́n ń sùn.

Ọ̀rọ̀ àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ni mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ pàtàkì mú jù. Ọdún 1999 ni wọ́n fòfin de gbogbo rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Bí wọ́n bá ti kọ́ ilé yín tàbí tún un ṣe ṣáájú ọdún 2000, ohun tí wọ́n fi ṣe ọnà wúruwùru sí ojú sílíìnì lè ní in nínú, ìdérí ẹnu àjà gan-an sì lè jẹ́ pátákó àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Ẹ má ha á, ẹ má lu ihò sí i. Ẹ fi èyí tó kéré jọjọ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò tí UKAS, àjọ tó ń fọwọ́ sí yàrá àyẹ̀wò ní Ìlú Ọba, fọwọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ sì dúró gba èsì. Bó bá jẹ́ pé pátákó ìdérí yẹn ni, àwọn tó ní ìwé àṣẹ ni kó gbé e kúrò.

Bó bá jẹ́ fúláàtì lẹ ń gbé, àjà lè má jẹ́ tiyín. Ẹ ka ìwé ilé yín, kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé. Sílíìnì fúláàtì, ti ilé alájà mẹ́ta, àti ti gáréèjì tó wà nínú ilé, lè jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń dá iná dúró. Níbẹ̀, ìdérí tí wọ́n ti dán wò fún iná ni ẹ ó rà, kì í ṣe pákó lásán. Ní ilé alájà méjì lásán, bí ẹ kò bá gé igi tó ń gbé ẹrù, iṣẹ́ yìí kì í sábà nílò ìwé káńsù.

Ohun tí ẹ máa rà

Àpẹẹrẹ wa ni ihò tó jẹ́ 565 mm ní ìbú àti 1,150 mm ní òòró. Fún un, ẹ máa nílò:

Pákó C16 (ìpele agbára pákó nìyẹn) tó nípọn ní 47 mm, tó sì fẹ̀ ní 97 mm, mítà 2.4 kan. Ẹ ó gé nọ́gìn mẹ́ta nínú rẹ̀, ìyẹn igi kúkúrú tí a ń dè sáàárín igi ìdè méjì, èyí tó kù jẹ́ ti ìdí àṣìṣe.
Pákó fífá onímílímítà 18 fún férémù, mítà 2.4 méjì.
Architrave, ìyẹn pákó ọ̀ṣọ́ tó ń bo etí ihò yíká, mítà 2.4 méjì.
Síkúrúù gígùn 90 mm tó nípọn ní 5 mm, bíi ogún. Síkúrúù 38 mm fún plasterboard, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi ṣe sílíìnì, páálí kékeré kan.
MDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀) tàbí plywood 18 mm fún ìdérí, ìńjì mẹ́ta, ìkọ́ kan, rọ́bà tó ń dí afẹ́fẹ́ mítà 4.
Fóòmù líle onímílímítà 100 fún ẹ̀yìn ìdérí.
Plywood 12 mm fún odi kékeré tó máa dá wúúlù dúró, ìyẹn wúúlù tí wọ́n tẹ́ sí àjà kí ooru má bàa jáde.

Ní ti irinṣẹ́, ayùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń gé plasterboard, ayùn ọwọ́, multi-tool (ẹ̀rọ ọwọ́ tí abẹ rẹ̀ ń gbọ̀n) tó ní abẹ tó ń gé irin, díríìlì, tépù, àti ohun ìdánwò iná. Ìbòmú FFP3 tó ń dá eruku kíkúnná dúró, gíláàsì ojú àti ìbọ̀wọ́ kò ṣeé fi sílẹ̀. Wúúlù àjà máa ń mú kí ara yún ènìyàn di ọjọ́ kejì.

Iṣẹ́ náà

1. Ẹ pa iná ní àpótí fíúùsì, kí ẹ sì dán wáyà tó wà nítòsí wò pé ó ti kú lóòótọ́. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ lábẹ́ ẹnu àjà. Lókè, ẹ fi pákó gbalasa lé orí igi ìdè mẹ́ta ó kéré tán, orí rẹ̀ ni kí ẹ kúnlẹ̀ sí. Plasterboard kò lè gbé ènìyàn. Ẹni tó bá tẹ àárín rẹ̀ á bá ara rẹ̀ nínú yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ ká wúúlù kúrò ní bíi 600 mm kọjá ibi tí ẹ máa gé, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa.

2. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ojú ọ̀dà yíká architrave àtijọ́ kí ẹ tó yọ ọ́. Bí ẹ bá kàn fà á, ọ̀dà sílíìnì á bá a wá. Nọ́gìn àtijọ́ méjì ló wà, ọ̀kan ní orí ihò, ọ̀kan ní ìdí. Ọ̀kan nínú wọn lẹ máa fi sílẹ̀, apá kejì lẹ máa sún. Láti ojú nọ́gìn tó dúró, ẹ wọn 1,150 mm lórí igi ìdè méjèèjì, kí ẹ fi ìwọ̀n onígun fa ìlà. Ẹ fi díríìlì 6 mm lu ihò wálẹ̀ ní igun méjèèjì tuntun. Ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti rí ihò wọ̀nyẹn, ẹ ó sì fi ìlà so wọ́n pọ̀.

3. Nọ́gìn tuntun á wọlé kí ẹ tó gé sílíìnì. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí sílíìnì wọn fi ń là. Ẹ wọn àárín igi ìdè méjèèjì níbi tí nọ́gìn máa wà gan-an, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé 565, nítorí igi máa ń tẹ̀. Ó lè jẹ́ 563 níbì kan, 568 níbòmíràn. Ẹ gé nọ́gìn kó bá a mu láì há. Bí ẹ bá fi òòlù gbá nọ́gìn tó gùn jù wọlé, ẹ ń ti igi ìdè kúrò láyè rẹ̀ nìyẹn, eyín irin pẹlẹbẹ lè tú níbi oríkèé. Eyín yẹn kò gùn tó bí ènìyàn ṣe rò. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò 3 mm kí igi má bàa là, kí ẹ fi síkúrúù 90 mm méjì wọlé láti ẹ̀yìn igi ìdè sínú orí nọ́gìn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ìṣó ṣe é: ìró òòlù lórí igi ìdè á mú kí orí ìṣó sílíìnì yọ jáde káàkiri yàrá. Síkúrúù kankan kò sì gbọdọ̀ gba orí irin eléyín kọjá. Ní apá tí ìńjì àkàsọ̀ máa wà, nọ́gìn méjì lẹ máa so pọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àkàsọ̀ á máa fà.

4. Láti ìsàlẹ̀, ẹ fi síkúrúù 38 mm de plasterboard mọ́ nọ́gìn tuntun àti igi ìdè méjèèjì ní gbogbo 150 mm. Ìgbà yìí ló tó kan gígé. Ẹ fi ọ̀bẹ fa ojú ìlà kí pépà má bàa ya, kí ẹ ti ayùn wọ inú ihò igun, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ gígùn, ẹ jẹ́ kí ayùn rìn mọ́ ojú igi ìdè bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà sí i. Ẹ dúró gẹ́lẹ́ ní igun. Bí ayùn bá kọjá igun ní mílímítà mẹ́wàá péré, ibẹ̀ ni ìlà lílà á ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnì kan á dúró sísàlẹ̀ láti gba èyí tí wọ́n gé. Kò wúwo, kò sì tó 3 kg, ṣùgbọ́n eruku tó wà lórí rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé.

5. Ẹ yọ nọ́gìn àtijọ́ tó wà láàárín ihò. Ẹ fi ayùn gé e ní àárín, kí ẹ fi multi-tool gé e nítòsí igi ìdè. Ẹ má fi òòlù gbá a, ẹ má sì fa ìṣó rẹ̀ jáde, nítorí igi 35 mm máa ń là. Ẹ gé ẹnu ìṣó tó bá yọ síta kó bá ojú igi dọ́gba, kí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ nínú igi.

6. Férémù ló kàn, ibẹ̀ ni ìṣirò sì ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀. Pákó 18 mm ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ 36 mm, ihò 565 ti di 529. Bí àkàsọ̀ yín bá fẹ́ 550, kò ní wọlé mọ́. Ọ̀pọ̀ àkàsọ̀ onígi ló ní férémù tirẹ̀ tí a ń dè mọ́ igi ìdè tààrà. Bó bá jẹ́ irú ẹ̀ lẹ rà, ẹ fò férémù yìí. Bí ẹ bá ń ṣe é, ẹ fi èèkàn pẹlẹbẹ dí àlàfo tó wà lẹ́yìn pákó kí ẹ tó fún síkúrúù, torí síkúrúù lè fa igi ìdè mọ́ra, kó sì tẹ férémù wọ́. Ẹ wọn láti igun dé igun. Nínú férémù 529 sí 1,114, ìwọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,233 mm. Bí ọ̀kan bá fi 5 mm ju èkejì lọ, ìdérí á máa há.

7. Ẹ kan plywood yíká òkè ihò bí odi, kó ga tó 300 mm, àfi níbi tí àkàsọ̀ ń gbà yí. Wúúlù tí wọ́n ń tẹ́ sí àjà lónìí nípọn tó 270 mm. Bí odi kò bá sí, á máa rọ́ wálẹ̀ sórí yín nígbà gbogbo.

Ìdérí ńlá náà á wúwo tó nǹkan bí 7 kg kí fóòmù tó dé ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà ìńjì ni kó gbé e, kì í ṣe pé kí ẹ máa fi orí tì í sókè. Ẹ fi àlàfo 3 mm sílẹ̀ yíká. Ẹ lẹ rọ́bà mọ́ ibi tí ìdérí ń sinmi lé, kí ẹ fi pépà dán an wò: ẹ ti ìdérí mọ́ etí pépà kan, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀. Ẹ dán gbogbo ẹ̀gbẹ́ wò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó gáàsì nìkan. Atẹ́gùn tó gbóná tó sì kún fún ọ̀rinrin láti ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná á gba àlàfo yẹn gòkè, á di omi lára àjà tó tutù, omi á máa kán sórí igi, irin eléyín á sì dípẹtà. Ẹnu àjà tó tóbi ní etí tó gùn, ìyẹn ni pé ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà pọ̀ sí i.

Ẹ wo ẹsẹ̀ àkàsọ̀ ní ìgbẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ jókòó pinpin sórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì. Bó bá fi 10 mm pere rọ̀ sókè, igi ìdè ló ń gbé gbogbo ìwọ̀n ẹni tó ń gùn ún, dípò ilẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìbú lẹ fẹ́ dandan

Ẹ pe ẹnjiníà tó mọ̀ nípa trọ́ọ̀sì, kí ẹ sì kọ̀wé sí ẹ̀ka building control ti káńsù, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ilé wò, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹnjiníà sábà máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n fi ọ̀pá gbé òrùlé ró ná, kí wọ́n fi igi kún trọ́ọ̀sì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ihò lápá ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n wá fi igi ìdábùú tó nípọn gbé èyí tí wọ́n gé. Igi tí wọ́n fi kún un lè ní láti gùn láti ògiri dé ògiri. Igi onímítà 7 kò lè gba ẹnu àjà wọlé. Àfi kí wọ́n ṣí táìlì ní etí òrùlé. Aṣojú káńsù á wá wo iṣẹ́ kí wọ́n tó bò ó. Tí wọ́n bá parí gbogbo rẹ̀, 565 lè di bíi 1,165. Kí ẹ tó ná irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ wá àkàsọ̀ tí wọ́n ṣe fún ihò tí ìbú rẹ̀ wà láàárín 550 mm àti 562 mm, wọ́n pọ̀ ní ọjà, tàbí àkàsọ̀ irin tó ń ká bí àkódíọ́nì. Ihò tó gùn tó 1,150 ti tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ilé ń kó sókè.

Ohun tí ẹ máa gbé gba ibẹ̀

Wọ́n ṣe àwọn igi ìdè wọ̀nyí láti gbé 25 kg lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Àpótí ìrìn-àjò tó kún dé 23 kg, tí a tẹ́ sílẹ̀, gba àyè bíi 75 cm sí 50 cm. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìyẹn tó 61 kg lórí mítà onígun mẹ́rin. Bí ẹ bá to mẹ́rin ti ara wọn, sílíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Àpótí òfìfo, ohun ọ̀ṣọ́ Kérésì, àti aṣọ òtútù ló yẹ ibẹ̀. Àwọn kẹ́ẹ̀gì òróró, àpò ìrẹsì àti páálí ìwé, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n wà. Èyí tó bá wúwo díẹ̀ tó sì gbọ́dọ̀ gòkè, ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ rẹ̀ kó kan igi ìdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì tú u ká, kó má jókòó sójú kan. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ padà gòkè lọ fún síkúrúù ìńjì lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pákó tuntun máa ń súnkì bó ṣe ń gbẹ.